Ogun Ọjọ́ Kan Ló Yẹ Tábìlì Wa

Nígbà tí ìjọba yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní nǹkan bí ọdún 2009, tí ó sì pẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà tó rí ọ̀nà padà, àwọn àgbà wa fi òwe tu ara wọn nínú, pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn; ṣùgbọ́n ní Alímọ̀ṣọ́ tiwa yìí, láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá títí kan Ìgandò, níbi tí bàbá ti ń jáde kí àkùkọ tó kọ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, tí ó sì ń wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn lọ, ta ni ó kù nílé tí yóò pa àrọ́bá náà?

Èrò tèmi ni pé kí a fi eré dí àlàfo yìí, àní eré ogun orí tábìlì, irú èyí tí àwọn ọ̀gágun Prussia ní ilẹ̀ Jámánì gbà wọlé ní ọdún 1824 láti fi kọ́ àwọn ọmọ-ogun wọn, tí H. G. Wells, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì, sì kọ odindi ìwé lé lórí ní ọdún 1913. Ère kéékèèké tí a kùn ní ọ̀dà ni àwọn ará òkè òkun fi ń ṣe é, owó rẹ̀ kò sì kéré. Àwa ní lúdò.

Bí a bá bi àwọn ènìyàn léèrè pé ogun wo ni kí a kọ́kọ́ gbé ka tábìlì, púpọ̀ nínú wọn yóò dárúkọ Kírìjì, ogun tí Ààrẹ Látòósà Ìbàdàn, Fábùnmi Òkèmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé Agbógungbórò fi di ìlú-mọ̀ọ́ká. N kò fara mọ́ ọn. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, tí kò sì parí pátápátá títí di 1893, báwo ni ọmọ ọdún 12 yóò ṣe jà á tán kí ìrẹsì tó jinná? Yàtọ̀ sí èyí, ilé kan ṣoṣo ní Ìgandò lè kó àwọn tí baba ńlá wọn kọjú ìjà sí ara wọn nínú ogun náà, ọmọ Ìbàdàn mesì ọ̀gọ̀, Ìjẹ̀ṣà ọmọ Ọbokùn, Èkìtì àti Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí pọ̀ sójú kan, tí gbogbo wọn jọ ń pọn omi nínú kànga kan náà. Ẹni tó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé, n kò sì fẹ́ kí eré ọmọdé di ẹjọ́ níwájú lándílọ́ọ̀dù. Ogun òkèèrè ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Cannae ni mo yàn, èyí tí wọ́n jà ní gúúsù Ítálì ní ọdún 216 ṣáájú ìbí Krístì, nítorí pé ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi jà á tán, àti nítorí pé ọmọ Áfíríkà, Hannibal ará Carthage, ìlú tí ó wà ní ilẹ̀ Tùnísíà òde òní, ni ó fi ìwọ̀nba ènìyàn ṣẹ́gun ọ̀pọ̀. Ẹgbẹ́-ogun ńlá 8 ni Róòmù kó wá: ẹ mú ọmọ lúdò pupa 4 àti aláwọ̀ ewé 4, kí ẹ tò wọ́n mọ́ra gbágbáágbá. Hannibal náà ní 8, ṣùgbọ́n ìdajì iye ènìyàn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan tirẹ̀ dúró fún, nítorí náà ọmọ Róòmù kì í kú àfi bí a bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Yẹ́lò 4 ni àwọn ará Gaul àti Sípéènì, tí wọ́n wà láàárín, tí wọ́n sì yọ síwájú bí ikùn aboyún. Búlúù 4 ni àwọn ọmọ Áfíríkà, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, tí wọ́n rọra dúró sẹ́yìn. Ìdérí ìgò míníráàlì ni ẹṣin: 3 fún Róòmù tí ó ní nǹkan bí 6,000, 5 fún Hannibal tí ó ní nǹkan bí 10,000.

Ẹni tó bá ju 5 tàbí 6 lórí dáìsì ni ó lu ọ̀tá rẹ̀. Òfin kan wà tí rẹfirí gbọ́dọ̀ dì mú ṣinṣin: ọmọ lúdò tí a bá há mọ́ láti ìhà mẹ́ta kò gbọdọ̀ ju dáìsì mọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n Hannibal wà. Róòmù yóò máa ti àwọn yẹ́lò sẹ́yìn, inú ẹni tó ń darí rẹ̀ yóò máa dùn, nígbà tí búlúù ti ń yí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwọn ẹlẹ́ṣin Hannibal tí wọ́n ti lé ẹlẹ́ṣin Róòmù lọ sì ń padà bọ̀ láti ẹ̀yìn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò rí àyè nà kò lè sọ nǹkan kan. Livy, òpìtàn Róòmù, kọ ọ́ pé òkú àwọn ọmọ-ogun Róòmù lọ́jọ́ náà lé ní 45,000. Ẹ má sọ èyí fún ọmọ náà tẹ́lẹ̀ o! Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, bí ọmọ bá sì ti mọ ibi tí ẹ̀bìtì wà, kò ní kó sí i.

Àwọn kan yóò fẹ́ fi òfin eruku, ti atẹ́gùn àti ti oúnjẹ kún un. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni kí ìhà kọ̀ọ̀kan rìn, nítorí pé eré tí a kò jà parí, tí NEPA mú iná lọ tí oníkálukú sì tú ká, ìbẹ̀rẹ̀ ogun nìkan ni ó ń fi han ọmọ, ìbẹ̀rẹ̀ ogun sì ni ó máa ń dùn. Ẹni tó bá ní kò yẹ kí a kọ́ ọmọ ní ogun ní àdúgbò tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ti ń dà láàmú, kí ó rántí pé ìbẹ̀rẹ̀ yìí náà ni àwọn wọ̀nyẹn fi ń tan ọmọ ọlọ́mọ.

Bí Cannae bá ti mọ́ wọn lára, tí wọ́n ti rí i pé ẹni tó pàdánù kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ wá gbé ogun Òṣogbo ti nǹkan bí ọdún 1840 kalẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn tí Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ kó lọ ti kọlu ibùdó Ìlọrin lóru, tí ẹṣin tí Ìlọrin gbẹ́kẹ̀ lé kò sì gbà wọ́n. Ìṣòro ibẹ̀ ni bí a ó ṣe fi òru hàn lórí tábìlì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tó di Ìlọrin mú kọjú sí ògiri títí Ìbàdàn yóò fi rìn lẹ́ẹ̀mejì, kí rẹfirí sì ṣọ́ ọ dáadáa, nítorí ọmọ Alímọ̀ṣọ́ yóò yọjú.