Iyùn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Lọ Wò, Ọkọ̀ Tó Rì Kò Ní Sá Lọ

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ti gba òkè òkun lọ, tí ẹ ṣì ń yọjú síbí láti gbọ́ ìròyìn ilé, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ tòní kàn jù.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ní Texas, fẹ́ lọ sí erékùṣù Karíbíánì fún ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń mòòkùn pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, wọ́n sì ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ti àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Owó tí wọ́n tọ́jú kò lè gbé wọn lọ sábẹ́ omi ju ìgbà díẹ̀ lọ. Àna mi ní ọkọ̀ ojú omi tó rì ni òun fẹ́ lọ wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní rárá o, iyùn àti ẹja ni òun fẹ́ wò. Wọ́n fà á títí, wọ́n wá gbé e wá sórí fóònù ẹbí. Bí gbogbo wa ṣe di onímọ̀ òkun nìyẹn, lórí òkè Jọ́ọ̀sì tí kò sí òkun nítòsí!

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, kí ló kàn wá? Ṣé owó ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sanwó kí omi lè gbé wọn mì? Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn ọmọ wa ń lọ, à báà fẹ́, à báà kọ̀. Fọ́tò wọn ló kún inú fóònù wa. Tí wọ́n bá sì máa lọ, ó yẹ ká bá wọn dá sí èyí tí wọ́n máa yàn, torí pé ọ̀kan nínú méjèèjì tètè ń pa èèyàn ju èkejì lọ.

Èmi kò mòòkùn rí. Páàtì ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni mò ń tà, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Àbúrò mi tó wà ní Florida ló ń mòòkùn, ó ti tó ọdún méjìlá, òun ló jókòó tì mí lórí fóònù tó là á yé mi. Lẹ́yìn tí mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ẹ̀yìn ọmọ mi obìnrin ni mo wà. Kì í ṣe torí pé ọmọ mi ni o.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ná. Ẹ fi àgbá tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn wé epo inú jẹnẹrétọ̀. Bí iná tí ẹ tàn bá ṣe pọ̀ tó ni epo ṣe máa ń yára tán. Bí omi bá ṣe jìn tó náà ló ṣe máa ń tẹ èèyàn. Ní mítà 10, bó ṣe ń tẹ èèyàn di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 30, ó di ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ṣe ń yára tán. Àgbá tó gbé èèyàn fún wákàtí kan ní mítà 10, ààbọ̀ wákàtí ló máa gbé e ní mítà 30. Nàìtírójìn tún wà níbẹ̀, tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí èèyàn bá ṣe ń pẹ́ nísàlẹ̀. Ní mítà 18, àtẹ tí àwọn olùkọ́ wọn ń lò fún èèyàn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 55 kó tó di dandan pé kó máa dúró lójú ọ̀nà tó bá ń gòkè bọ̀. Ní mítà 30, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 péré ni. Bẹ́ẹ̀ iyùn, oòrùn ló ń gbé e dàgbà, ọ̀pọ̀ èyí tó lẹ́wà jù kò jìn sílẹ̀ rárá. Ọkọ̀ tó rì ńkọ́? Ibi tó bá já sí ló já sí. Bianca C, ọkọ̀ ńlá tó gbiná ní Grenada lóṣù kẹwàá ọdún 1961, nǹkan bíi mítà 50 ló wà. Mítà 18 sì ni ìwé ẹ̀rí tí àwọn ọmọ mi ní mọ.

Oníṣòwò ni mí. Tí ṣọ́ọ̀bù méjì bá ń gba iye kan náà, tí ọ̀kan ń fún mi ní ọjà ìlọ́po méjì, mi ò ní bi ẹnikẹ́ni kí n tó mọ ibi tí màá yà sí.

Ní ti irin, mo lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ wa mọ ohun tí mò ń sọ. Èyí tí omi òkun bá ti kàn, wọ́n á nù ún, wọ́n á kùn ún, á máa dán gbinrin. Ẹ fi síṣẹ́ẹ̀lì kàn án lẹ́ẹ̀kan, á rún sílẹ̀ bí àkàrà tó sùn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré nìyẹn lò nínú omi iyọ̀ o. Ẹ wá ro ọkọ̀ odidi tó ti wà nísàlẹ̀ òkun fún ogójì ọdún, pẹ̀lú ilẹ̀kùn, wáyà, okùn, àti etí irin tó mú bí abẹ. Inú ibẹ̀ ni àna mi fẹ́ wọ̀.

Èyí tó burú jù kò tíì kan irin. Lórí iyùn, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, wàá gbójú sókè, wàá rí ìmọ́lẹ̀, wàá rọra máa gòkè. Nínú ọkọ̀, òrùlé ló wà lókè orí rẹ. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ilẹ̀kùn tó o bá wọlé. Ẹrẹ̀ àti ìpẹtà tó ti jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló máa rú u, o ò ní rí ọwọ́ ara rẹ mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ fi ń so okùn mọ́ ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé, wọ́n á mú tọ́ọ̀ṣì méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á pín afẹ́fẹ́ wọn sí mẹ́ta: ti àtiwọlé, ti àtijáde, ti wàhálà. Ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni, ìwé ẹ̀rí ọ̀tọ̀ ni. Àna mi ní òun á kàn yọjú díẹ̀ ni. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn.

Kí n má ṣàbòsí, ọkọ̀ tó rì kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì. Ọkọ̀ ológun Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Kittiwake, oṣù kìíní ọdún 2011 ni wọ́n rì í sí Grand Cayman. Wọ́n ti fọ epo inú ẹ̀ dànù, wọ́n ti gé ihò sára ẹ̀ kí èèyàn lè máa ráyè jáde, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mítà 20 lọ. Ìyẹn dáa. Síbẹ̀ nígbà tí ìjì Nate jà ní 2017, ó sún ọkọ̀ náà, ó sì mú un fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n tọ́jú fún àlejò náà rèé o.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ ibojì. RMS Rhone rì ní Erékùṣù Virgin ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1867 nínú ìjì, ó lé ní 120 èèyàn tó bá a lọ. Lónìí fọ́tò ni wọ́n ń yà níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ nílé mọ bí a ṣe ń rìn níbi tí òkú sùn sí. Èyí tó tún kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni Trouvadore, ọkọ̀ ẹrú tó fọ́ ní Turks àti Caicos ní 1841. Cuba ni wọ́n ń kó àwọn èèyàn inú rẹ̀ lọ, ilẹ̀ kan náà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ tí wọ́n fi di Lukumí. Ó lé ní 190 nínú wọn tó yè, wọ́n sì di òmìnira torí pé ilẹ̀ tí ọkọ̀ fọ́ sí ti fòfin de ẹrú. Tí ọmọ mi bá fẹ́ mọ̀ nípa ọkọ̀ tó rì, kó ka ìtàn tìyẹn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kò nílò àgbá afẹ́fẹ́ kankan.

Ohun tó wá mú mi dúró sójú kan ni pé iyùn ń tán lọ. Ẹran ni iyùn inú òkun, kì í ṣe òkúta. Ẹ̀dá kéékèèké ló ń kọ́lé sórí ara wọn, ewédò kan tó fara pamọ́ sínú ara wọn ló sì ń bọ́ wọn. Tí omi bá gbóná jù, wọ́n á lé ewédò yìí jáde, wọ́n á funfun bí eegun. Tí ìgbóná náà bá pẹ́, wọ́n kú nìyẹn. Ní 2023, omi Karíbíánì gbóná débi pé ọ̀pọ̀ iyùn funfun láti Florida dé àwọn erékùṣù ìsàlẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, àrùn kan ti yọ lára iyùn ní Florida ní 2014, tó ń jẹ ẹran ara rẹ̀ kúrò lórí eegun, ó sì ti tàn ká ọ̀pọ̀ erékùṣù. Ní ọjà, èyí tó ń tán lọ la kọ́kọ́ ń rà. Ọkọ̀ yẹn á ṣì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá sí i, kódà iyùn àti ẹja á tún ti bò ó dáadáa.

Àbúrò mi ní òun ò gbà pẹ̀lú mi tán. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá síbí sọ́hùn-ún, irin ni kó lọ máa gbá, kó má lọ dá iyùn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dàgbà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nítorí náà mo ní kí wọ́n fi ọjọ́ àkọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n á ṣe dúró jẹ́ẹ́ lórí iyanrìn kí wọ́n tó sún mọ́ iyùn. Kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyàwó mi sì ti ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣẹ́ iyùn díẹ̀ bọ̀! Mo ní, màmá, iyùn tí à ń so sọ́rùn, òkun Mẹditaréníà ni ìyẹn ti wá ní tiẹ̀, ti Karíbíánì kì í ṣe irú ẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù á sì gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sórí òkè yìí kò mọ omi wẹ̀. Kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí, ó gbọ́dọ̀ lè wẹ mítà 200, kó sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Wọ́n á tún fún un ní fọ́ọ̀mù nípa ìlera, kó má parọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ní ikọ́ fée, pàápàá ẹni tó jẹ́ SS, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó san kọ́bọ̀ kan.

Ibi tí mo là á sí fún wọn ni Bonaire. Láti 1979 ni wọ́n ti fi òkun tó yí erékùṣù yẹn ká ṣe ọgbà ìdáàbòbò. Iyùn sún mọ́ etíkun, òkúta tí wọ́n kùn ní yẹ́lò ló ń júwe ibi tí èèyàn á gbà wọlé, wọn ò ní sanwó ọkọ̀ ojú omi lójoojúmọ́. Kí àna mi má sì sunkún, ọkọ̀ tó rì wà níbẹ̀ náà. Hilma Hooker lorúkọ ẹ̀. Igbó ni wọ́n bá nínú ẹ̀, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé e, olówó ọjà kò yọjú (ta ló máa yọjú?), omi ń wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rì lóṣù kẹsàn-án ọdún 1984. Mítà 18 ni apá òkè ẹ̀, ibi tí ìwé ẹ̀rí tiwọn mọ gan-an. Kó dúró lókè ibẹ̀, kó wò ó tẹ́rùn, kó má wọlé.

Àna mi ṣì ń kùn, ṣùgbọ́n ó ti gbà. Ọjọ́ karùn-ún nìkan ni wọn ò tíì yanjú. Ó yẹ kí ó tó wákàtí 18, ó kéré tán, lẹ́yìn tí èèyàn bá mòòkùn léraléra kó tó wọ bàálù, nítorí nàìtírójìn yẹn náà ni. Mo ní kí wọ́n jókòó sétí omi lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n jẹ ẹja, kí wọ́n pe ìyá wọn.