Ojú Ewé Àwọn Ìyá Ilé: Àpò Aṣọ fún Ẹ̀fọ́ àti Èso



Àwa tí a ń gbé ní apá Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ṣakí, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún bí ọyẹ́ ti í ṣe sí ẹ̀fọ́. A ra tẹ̀tẹ̀ tútù yọ̀yọ̀ ní òwúrọ̀. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti rọ bí àkísà. Ní ìletò tí a ti ń ná ọjà ọrọọrún, ọ̀ràn yìí kò kéré, nítorí ẹ̀fọ́ tí a rà ní ọjọ́ ọjà ni ó yẹ kí ó gbé ilé títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Bí ó bá bàjẹ́ ní ọjọ́ kejì, ọbẹ̀ àwọn ọmọ di omi ata lásán, owó tí a ná sì ti lọ.

Nígbà ọyẹ́ kan, èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ṣe àṣìṣe kan tí ojú ń tì mí láti sọ, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Mo ra ìdì ṣọkọ mẹ́ta, mo fọ̀ wọ́n, mo dì wọ́n sínú ọ̀rá, mo so ẹnu rẹ̀ pinpin, mo sì gbé e sí igun ilé ìdáná. Mo rò pé mo ti gbà wọ́n lọ́wọ́ atẹ́gùn. Nígbà tí mo tú u ní ọjọ́ kẹta, ewé ti jẹrà, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ sì lé gbogbo wa jáde. Ewúrẹ́ pàápàá kò jẹ ẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹ̀fọ́ tí a já kò tí ì kú. Ó ṣì ń mí. Bí ó sì ti ń mí ni ó ń tú omi àti ooru jáde. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja nínú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a fa omi ara rẹ̀ tán. Bí a bá dì í sínú ọ̀rá tí kò ní ihò, omi náà kò rí ọ̀nà jáde, a máa kán padà sí ara ewé, ewé a sì jẹrà. Ohun tí a ń wá ni ibùgbé tí ó wà láàárín méjèèjì, èyí tí yóò dá ọ̀rinrin dúró díẹ̀, tí yóò sì jẹ́ kí ewé mí. Àpò tí a fi aṣọ òwú rán ni.

Kíjìpá àtijọ́ dára púpọ̀ fún un, nítorí ó nípọn, ó sì ń fa omi mu. Bí kò bá sí, aṣọ ìbùsùn òwú tí ó ti gbó ti tó. Ní Ìṣẹ́yìn tí aṣọ híhun ti lókìkí, ẹni tí ó bá fẹ́ lè bẹ ahunṣọ níṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó sọ fún un pé òwú gidi ni òun ń fẹ́, kì í ṣe okùn dídán tí ó wọ́pọ̀ nínú aṣọ òkè òde òní. Ìyẹn lẹ́wà níbi ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n kì í mu omi. Kí gígùn àpò náà tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, kí ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí a sì ki okùn sí ẹnu rẹ̀. Ẹ rán méjì, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ má ṣe fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó kó o sí i; ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sè é ni kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ ṣa ewé tí ó ti pọ́n tàbí tí ó ti fọ́ kúrò. Ẹ rẹ àpò sínú omi mímọ́, ẹ fún omi ara rẹ̀ dànù kí ó má baà máa kán, ẹ kó ẹ̀fọ́ sí i láìkì í mọ́lẹ̀, kí ẹ sì so ó kọ́ sí ibi òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Bí ó bá gbẹ, ẹ tún wọ́n omi sí i. Ohun tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni ohun tí ń mú omi àmù tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn: bí omi ti ń gbẹ lára aṣọ, ó ń gbé ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun kan náà ni olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, ẹni tí a bí sí ìdílé amọ̀kòkò, gbé iṣẹ́ tirẹ̀ kà ní ọdún 1995. Ó gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ó fi yanrìn tútù sí àárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí kì í ju ọjọ́ kan lọ lò tó ọjọ́ 12 níbẹ̀, tòmátò àti ata sì lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Kò lo iná mànàmáná rárá. Àpò tiwa kò lè ṣe tó ìkòkò náà, ẹ má retí ọjọ́ 12. Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni èmi ń rí, èyí sì gbé mi dé ọjọ́ ọjà. Ẹni tí ó bá ní àyè, kí ó ra ìkòkò méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: nígbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni rírẹ àpò ń ṣiṣẹ́. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kún fún omi, aṣọ kì í gbẹ, ìtutù kò sì sí. Ẹ̀fọ́ yóò bu ni. Nígbà náà, gbígbẹ ni kí ẹ lo àpò.

Èso ní ìwà tirẹ̀. Máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ tí ó ti ń pọ́n a máa tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ethylene. Òun ni ó ń mú kí èso mìíràn tètè pọ́n, tí ó sì ń mú kí ewé ẹ̀fọ́ pọ́n kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àwọn ìyá wa ti ń lò ó láìmọ orúkọ rẹ̀: nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tètè pọ́n, wọ́n a dé e mọ́ inú àpò. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó máńgòrò àti ẹ̀fọ́ pọ̀. Kí máńgòrò ní àpò tirẹ̀, gbígbẹ, kí a sì máa yọ èyí tí ó bá ti rọ̀ kúrò lójoojúmọ́.

Tòmátò kò fẹ́ ọ̀rinrin, kò sì fẹ́ ìkìmọ́lẹ̀. Orí àtẹ ni kí a tò ó sí ní ipele kan. Ẹni tí ó ní fíríìjì, kí ó má ṣe fi tòmátò tí kò tí ì pọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni kí ó má fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, nítorí òtútù tí ó bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 13 Celsius lọ a máa sọ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di dúdú. Àpò àwọ̀n tí wọ́n fi ń kó àlùbọ́sà wá láti òkè Ọya, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kó àlùbọ́sà tiyín sí i, kí ẹ fi kọ́ òkè.

Ìyá kan bi mí bóyá òun lè lo àpò ìyẹ̀fun. Ti àtijọ́ tí a fi òwú hun ni ì bá dára. Èyí tí ó wà lóde nísinsìnyí, ọ̀rá ni wọ́n fi hun ún, kì í mu omi.

Bí ẹ̀fọ́ bá ti tán nínú àpò, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ táútáú. Ẹ fi òwú pupa ṣe àmì sí ẹnu ti ẹ̀fọ́, kí ọmọ tí a bá rán níṣẹ́ má baà fi gba ẹja tútù bọ̀ láti ọjà.