Ẹ Má Gba Oògùn Lọ́wọ́ Aboyún Tó Ní Wárápá

Wárápá kì í ràn. Síbẹ̀, tí obìnrin tó ní in bá ti lóyún, gbogbo ilé á di dókítà. "Jáwọ́ nínú oògùn yẹn, á ba ọmọ jẹ́." Ohun tí wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ wa kan nìyẹn. Ó jáwọ́ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí wárápá fi gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

Àwa tí à ń kọ kóòdù, a kì í déédé pa server tí èèyàn ń lò lọ́wọ́. A máa kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ sórí òmíràn ná. Ṣé ọpọlọ èèyàn wá kéré sí server ni?

A ò ní purọ́, valproate léwu: nínú ọmọ 10 tí ìyá wọn lò ó nínú oyún, bí 1 ló ń ní àbùkù ara, 3 sí 4 sì lè ní ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ. Ṣùgbọ́n lamotrigine àti levetiracetam wà, ewu tiwọn kéré sí i gan-an. Dókítà ló yẹ kó pààrọ̀ ẹ̀, kí oyún tó dé. Kódà, lamotrigine máa ń dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún, wọ́n sì sábà máa ń fi kún un. Ẹ gbọ́ o: fi kún un, kì í ṣe dà á nù.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin wòlíì, tó bá gbé e lóru, ṣé ẹ̀yin lẹ máa gbé e dé ọsibítù?