Ìbéèrè Tí “Not” Wà Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ọjà Alábà àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, ti kó onírúurú ẹ̀yà wá bá wa ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń gbọ́ ara wa.

Àwa a fi “ṣé” ṣáájú ọ̀rọ̀, ó di ìbéèrè. Gẹ̀ẹ́sì kò ní “ṣé”: “He is eating” a di “Is he eating?” Bí kò bá sí irú “is” bẹ́ẹ̀, wọn a mú “do,” “does” tàbí “did” wá: “Did he eat?” Àwọn ọmọ yín mọ èyí dáadáa.

“Not” ni ó léwu. Nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Yorùbá bi yín pé: “Didn't he take the medicine?” Ọmọ kò lò ó. Ní Yorùbá, “Bẹ́ẹ̀ ni, kò lò ó” ni ẹ ó wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní “Yes,” nọ́ọ̀sì lè rò pé ó ti lò ó! Gẹ̀ẹ́sì kò wo ohun tí olùbéèrè rò; ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó ń wò. Ẹ wí pé: “No, he didn't.” Bí ó bá lò ó ńkọ́? “Yes, he did.”

Ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà ṣì ń sọ “Yes” bí ti Yorùbá, nítorí náà ẹ má ṣe fi “yes” tàbí “no” nìkan sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì.