Iná oòrùn dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ owó yín

Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ń fi oòrùn ṣe iná mànàmáná ní Illoulofin, ní Pobè, ní ẹkùn Plateau kan náà tí Daagbé wà. Ẹlòmíràn lè tìtorí èyí rò pé ẹni tó bá ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kò lè pàdánù. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Suntech, ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣáínà. Ní ìparí ọdún 2007, ìpín rẹ̀ kan lé ní 80 dọ́là. Àwọn mìíràn rí èrè náà, wọ́n rọ́ wọ inú iṣẹ́ ọ̀hún; pánẹ́ẹ̀lì pọ̀ jù lọ́jà, iye rẹ̀ sì wálẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, ìpín kan kò tó dọ́là 1 mọ́, gbèsè sì ti wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn. Bí àgbàdo bá pọ̀ lọ́jà, inú ẹni tó ń rà á a dùn, ti àgbẹ̀ a bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín kò gbọdọ̀ fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tàbí owó tó yá ṣe é. Kí ó má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kí ó sì sá fún ẹni tó bá ń ṣèlérí èrè tí kì í yẹ̀: ọ̀pọ̀ ará Benin ló pàdánù owó wọn sọ́wọ́ ICC Services ní ọdún 2010. Ẹni tó kàn ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ nínú ilé rẹ̀, kí ó ra pánẹ́ẹ̀lì nígbà tó bá pọ̀. Èrè tirẹ̀ nìyẹn.