TÌMBÚKÚTÙ ÀTI ÀPÓTÍ ÌWÉ ILÉ WA

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀, tí ó sì la odò sí i. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ kéú, ẹ̀yin ìjọ mọ́ṣáláṣí gbogbo, bí a bá dárúkọ ìrìn-àjò lóde òní, Dubai ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu àwọn ọmọ wa. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìlú kan wà ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ilẹ̀ Màlí, tí ó yẹ kí ọmọ kéú láti Mọ́níyà dé Ìyànà Ọ̀fà, láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànràn, mọ̀ bí ẹni mọ àgbàlá bàbá rẹ̀. Tìmbúkútù ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé láti ara orúkọ Màlí ni a ti rí "Ìmàle" tí àwọn baba wa fi ń pe ẹ̀sìn yìí.

Ẹni tí ó bá gba ojú omi lọ, Odò Ọya ni yóò gbé e dé tòsí ìlú náà, odò kan náà tí a ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá ní Jẹ́bà. Láti orí òkè ilẹ̀ Gínì ni odò yìí ti ṣẹ̀. Dípò kí ó dorí kọ òkun, aṣálẹ̀ ni ó kọ́kọ́ forí lé. Ó kọjá Tìmbúkútù tán kí ó tó ṣẹ́rí bọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ká ní kò yà síbẹ̀ ni, ta ni ìbá tẹ ìlú dó sínú iyanrìn? Ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, adágún ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Faguibine, tí àkúnya odò yìí ń bu omi sí. Ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980 ló gbẹ ẹ́, iyanrìn sì dí ọ̀nà omi rẹ̀. Ní àríwá, ó ju kìlómítà 600 lọ kí ènìyàn tó dé Taoudenni, níbi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ fún ràkúnmí láti rù. Nígbà tí Ibn Battuta dé Taghaza, ibi ìwa-iyọ̀ àtijọ́, ní 1352, ó rí i pé iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé àti mọ́ṣáláṣí ibẹ̀, awọ ràkúnmí ni òrùlé. Ilé iyọ̀! Bí òjò Ìbàdàn bá rọ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ìlú á di omi ọbẹ̀.

Ní irú àdúgbò yìí, tí iṣu kò lè ta, ni ìmọ̀ ti ta. Mansa Musa, ọba Màlí tí ó lọ sí Hájì ní 1324, ló ní kí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí Djinguereber. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Al-Hasan al-Wazzan, tí ó dé ibẹ̀ ní nǹkan bí 1510, ròyìn pé èrè orí ìwé ju ti ọjà mìíràn lọ. Lẹ́yìn tí ogun Mọ̀rókò kó ìlú náà ní 1591, wọ́n mú Ahmad Baba, àgbà onímọ̀, lọ sí Marrakesh. Ó ní ìwé 1,600 ni òun pàdánù, àti pé nínú ẹbí òun, ìwé tòun ló kéré jù. Ahmad Baba yìí náà ló dárúkọ Yorùbá nínú ìwé tí ó kọ lórí ọ̀rọ̀ ẹrú ní 1615, ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ tí a ti rí orúkọ wa. Ó kà wá mọ́ àwọn tí kò tíì gba ẹ̀sìn. Ẹni tó wà létí aṣálẹ̀ kọ orúkọ wa sílẹ̀. Àwa tí a ni orúkọ, kí ni a kọ?

Ṣé kí a wá kó ọmọ lọ síbẹ̀? Rárá o. Láti 2012 tí àwọn oníbọn gba ìlú náà ni ọ̀nà ibẹ̀ kò ti rọgbọ. Wọ́n wó sàréè àwọn ẹni Ọlọ́hun. Ní 2013, kí wọ́n tó sá, wọ́n dáná sun ìwé púpọ̀. Èyí tó pọ̀ jù bọ́, nítorí àwọn ará ìlú ti fi àpótí irin kó wọn jáde, lórí ọmọlanke tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà àti nínú ọkọ̀ ojú omi, títí dé Bamako.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá nìyí. Ní àwọn abúlé wa, àwọn àgbà áfáà fi ìwé àfọwọ́kọ sílẹ̀ sínú àpótí: ìwé ìpín ogún, àkọsílẹ̀ ìdílé, àní Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ á pín ilẹ̀, wọ́n á pín igi kòkó. Àpótí ìwé, ẹnìkan kì í bèèrè. Ikán á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwọn mìíràn á ní tírà olóògùn ni, wọ́n á sì sun ún. Bẹ́ẹ̀, láti 1964 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ibi kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń ya àwòrán irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìrìn-àjò tí a ń fẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́kọ́ rìn kò gba pásípọ́ọ̀tù. Ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí àwọn ọmọ Ìdàádì àti Sànáwì bá olùkọ́ wọn lọ sí abúlé, kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ olórí ẹbí, kí wọ́n ka ìwé tó wà níbẹ̀, kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì gbé àpótí náà kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ewé ìwé kan kúrò nílé onílé. Ẹni tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ bá wà nílé rẹ̀, kí ó ránṣẹ́ sí wa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.