Kọ̀ǹpútà Ẹgbẹ́: Ẹ Jẹ́ Kí A Jiyàn, Kí A Má Jà



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti owó àjẹsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka wa ni. Ẹni tí kò wá sí ìpàdé gbogbogbò méjì tí ó kọjá lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹni tí ó wá mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí á máa na àga sí ara wa.

Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Inú kọ̀ǹpútà yìí ni orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà, àti àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ tí olúkúlùkù ti san, àti ti owó ìrànlọ́wọ́ tí a ń fún ìdílé ẹni tí ó bá kú lẹ́nu iṣẹ́. Windows 10 ni ó ń darí rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù October, 2025, ilé iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe tí wọ́n máa ń ṣe fún un lóòrèkóòrè dúró, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ilé tí a kò tún ṣe mọ́, olè yóò mọ ojú ihò rẹ̀. Windows 11 kò sì gbà láti wọ inú ẹ̀rọ wa, wọ́n ní ó ti dàgbà jù, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ṣì le koko.

Apá kan ní kí ẹgbẹ́ ra tuntun. Apá kejì, tí ó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ka àtúnṣe ẹ̀rọ ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn, ní kí a fi Linux sí i, nítorí ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀rọ àtijọ́ sì lè gbé e. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àgbà kan ní ọmọdé ni wọ́n, dúkìá ẹgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣeré. Ọ̀dọ́ kan dá a lóhùn pé ẹrú ilé iṣẹ́ òyìnbó ni àwọn àgbà. Kò yẹ kí èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì jáde lẹ́nu ọmọ ẹgbẹ́. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Kí ni Linux yìí gan-an? Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní ètò kan tí ó jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn ètò yòókù. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ bí fóòmàn ti ń pín in: ìwọ lo kàn, ìwọ dúró, ìwọ gbé ìwé yìí fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ohun tí Windows ń ṣe nìyí, òun náà sì ni Linux ń ṣe. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ènìyàn ni ó ń fi ọwọ́ kọ ètò, bí ìgbà tí a bá kọ ìlànà iṣẹ́ sínú ìwé. Àwọn tí ó ni Windows ti ìwé ìlànà tiwọn mọ́ àpótí. Ó dà bí ẹni tí ó ta bọ́ọ̀sì fún yín, tí ó ní ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ òun nìkan ni kí ẹ máa gbé e wá. Lọ́jọ́ tí ó bá wù ú, yóò ní òun kò tún irú bọ́ọ̀sì yẹn ṣe mọ́. Ìwé ìlànà ti Linux wà ní gbangba. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún aládùúgbò, kódà kí ó tà á.

Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni inú bí tí ọ̀rọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀. Richard Stallman ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun kan dé ọ̀dọ̀ wọn tí bébà máa ń há sí nínú. Fún ẹ̀rọ ti àtijọ́, ó ti tún ètò rẹ̀ kọ kí ó lè máa sọ fún àwọn tí ń dúró de iṣẹ́ wọn pé bébà ti há. Ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé ìlànà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀, ó ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní í fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró ti ẹ̀rọ tí ó dákú, tí ẹ mọ ohun tí ó ṣe é, tí wọ́n sì ní ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹ mọ bí inú rẹ̀ ti rí.

Ní ọjọ́ 27 oṣù September, 1983, Stallman kéde pé òun yóò kọ ètò odindi kan tí yóò jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ó pè é ní GNU. Ní 1989 ó gbé ìwé àṣẹ kan jáde tí ó ń jẹ́ GPL: ẹni tí ó bá mú ètò náà, tí ó tún un ṣe, tí ó sì fún ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba bí òun náà ti bá a. Ní ọjọ́ 25 oṣù August, 1991, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 kan ní Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, Linus Torvalds, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, pé eré ọwọ́dilẹ̀ lásán ni. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i. Ní 1992 ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL. Lónìí, orí Linux ni fóònù Android dúró lé. Láti oṣù November, 2017, gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tí a kà sí alágbára jù lọ láyé ni Linux ń darí. Nítorí náà, ẹni tí ó dìde ní ìpàdé tí ó ní òun kò ní í fọwọ́ kan Linux láéláé, tí fóònù Android sì wà ní àpò rẹ̀, ó ti ń fọwọ́ kàn án láti àárọ̀.

Ohun tí ó wù wá jù nínú ìtàn wọn ni bí wọ́n ti ń jiyàn. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù January, 1992, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amsterdam, Andrew Tanenbaum, kọ̀wé pé ètò Linux ti di ohun àtijọ́ kí ó tó dàgbà. Àríyànjiyàn wọn kò ju èyí lọ: ṣé kí gbogbo iṣẹ́ wà nínú gbọ̀ngán kan ṣoṣo lábẹ́ fóòmàn kan, kí ó lè yára, tàbí kí á pín in sí àtíbàbà kéékèèké, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá jóná, ìyókù yóò wà? Torvalds fi ìbínú dá a lóhùn. Nígbà tí ó tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kà, ó tọrọ àforíjì fún bí ó ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò yí èrò rẹ̀ padà. Ọmọdé ń bá àgbà jiyàn, àgbà sì dúró gbọ́.

Èyí tí ó jọ tiwa jù ni ti ẹgbẹ́ Debian. Ian Murdock ni ó dá a sílẹ̀ ní oṣù August, 1993, láti máa kó àwọn ètò Linux jọ sójú kan. Wọ́n ní ìwé òfin bí àwa ti ní in, ọdọọdún ni wọ́n sì ń dìbò yan olórí. Ní 2014 ìjà dé láàrin wọn lórí ètò kékeré tí ó máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń jí àwọn yòókù. Àwọn kan fẹ́ tuntun tí ń jẹ́ systemd, nítorí ó já fáfá. Àwọn mìíràn ní ó ti gba iṣẹ́ púpọ̀ jù sí ọwọ́ kan. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ dìbò, ó di mẹ́rin sí mẹ́rin. Ìbò alága ni ó dá ọ̀rọ̀ náà, systemd sì wọlé ní oṣù February. Inú kò tutù. Wọ́n gbé e lọ síwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní oṣù November, àwọn kan sì fi ipò sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Ní oṣù kan náà ni àwọn tí kò gbà kéde pé àwọn ń yà lọ, wọ́n pe tiwọn ní Devuan, wọ́n sì gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù May, 2017. Kò sí ẹni tí ó jí àpótí owó, kò sí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnìkan, nítorí ìwé àṣẹ ti sọ pé ohun tí gbogbo wa jọ ṣe, gbogbo wa ni ó ni ín. Ẹgbẹ́ méjèèjì wà títí dòní. Ẹ bá wa ka iye ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ẹ mọ̀ tí ó yà sí méjì tí kò dé kóòtù.

A kò sọ pé áńgẹ́lì ni wọ́n. Èébú pọ̀ láàrin wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, Torvalds fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ẹnu wọn mú. Ní oṣù September, 2018, ó tọrọ àforíjì ní gbangba, ó gba ìsinmi díẹ̀, wọ́n sì kọ òfin ìwà sílẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni ti òṣìṣẹ́ tí kò gba owó. Ní 2024 ó hàn síta pé ètò kékeré kan tí ń jẹ́ xz, tí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé gbára lé, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni ó wà, tí ń ṣe é láìgbowó, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kò yára tó. Ẹnìkan wá bí ọ̀rẹ́, ó ní òun yóò ràn án lọ́wọ́, ó fi ọdún bíi méjì gba ìfọkàntán rẹ̀, ó sì gbẹ́ ihò olè sínú ètò náà. Andres Freund, onímọ̀ kan, ni ó rí i pé ẹ̀rọ òun fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó tú u wò, ó sì ké sí aráyé ní ọjọ́ 29 oṣù March. Nítorí pé bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí sílẹ̀ ni ó fi rí i. Ṣùgbọ́n nítorí pé a fi ẹnìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù gbogbo ènìyàn ni olè fi ráyè. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé ọ̀fẹ́ ni Linux, ẹ rántí pé ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò làágùn.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ìtara nìkan gbé wa. Ìlú Munich ní Jámánì pinnu ní 2003 láti kó kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú sórí Linux. Ó gbà wọ́n tó ọdún mẹ́wàá láti kó nǹkan bí 15,000 ẹ̀rọ bọ́ síbẹ̀. Ní 2017 ìgbìmọ̀ ìlú dìbò pé kí wọ́n padà sí Windows. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, àwọn kan ní àwọn òṣìṣẹ́ ń ráhùn ni. Àwọn ọlọ́pàá Gendarmerie ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2008 pẹ̀lú Ubuntu, Linux tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ ní 2004, wọn kò sì padà. Ètò kan náà, ilé méjì, àbájáde méjì.

Èyí ni ó mú wa bi ara wa léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ní ìpàdé méjèèjì: ta ni ó ń lo kọ̀ǹpútà náà lójoojúmọ́? Ìyá wa tí ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ni. A lọ bá wọn. Ìbéèrè méjì péré ni wọ́n bi wá: ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò gbọ́ tirẹ̀, ṣé àwọn yóò sì lè fi àmì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ìwé yìí? Ti èkejì, àwọn ọ̀dọ́ ti fi hàn wọ́n pé bátànì Yorùbá wà nínú Linux. Ti àkọ́kọ́, àfi kí a dán an wò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Ìkíní, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a ṣe ẹ̀dà ìwé orúkọ àti ti owó sí ọ̀nà méjì, kí a tẹ ọ̀kan sórí bébà, kí ó wà lọ́wọ́ akápò. Èkejì, a lè tan Linux láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Kí a fi oṣù mẹ́ta dán an wò, kí ìyá wa sì jẹ́ adájọ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹni mẹ́ta kọ́ ọ, kì í ṣe ẹnìkan, kí ọ̀ràn xz má bàa bá wa nílé. Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ fún àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ní owó wọn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ń lo òṣìṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni yóò sọ fún ọ̀gá ilé iṣẹ́? Ẹ̀karùn-ún, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí a dìbò ní ìpàdé gbogbogbò, kí akọ̀wé kọ ìdí tí apá méjèèjì fi sọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á.

Bí ìdánwò bá kùnà, kí a dá owó jọ ra ẹ̀rọ tuntun, kí ẹnikẹ́ni má fi àwọn ọ̀dọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá yọrí, kí àwọn ọ̀dọ́ má fi àwọn àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Orúkọ opó àti ọmọ òrukàn ni ó wà nínú ẹ̀rọ yẹn, kò sì yẹ kí ó sọnù nítorí ìgbéraga ẹnikẹ́ni.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.